Ìwé-Ẹ̀rí Oníṣẹ́ Iná

Iṣẹ́ ọwọ́ pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èyí tí ojú ń rí. Bí télọ̀ bá rán ẹ̀wù tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ẹni tí ó ni ẹ̀wù yóò ti mọ̀ kí ó tó kúrò ní ìsọ̀. Bí káfíńtà bá kan àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jókòó lé e lórí ni yóò kéde àléébù rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ tí a bò mọ́lẹ̀: wáyà tí ó gba inú ògiri kọjá, ohun ìdènà ooru tí a tẹ́ sí òkè àjà, bátìrì tí a so pọ̀ nínú àpótí. Ẹni tí ó ni ilé kò rí ìwọ̀nyí. Ó san owó, ó tẹ bọ́tìnì, iná tàn, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé owó rẹ̀ ń jò lọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí pé ooru ń kó jọ sínú ògiri, èyí tí yóò di iná ọmọ ọ̀rara ní òru ọjọ́ kan.

Nítorí irú iṣẹ́ tí ojú kò tó bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn fi ń wá ẹlẹ́rìí. Ìwé-ẹ̀rí ni ẹlẹ́rìí náà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kò lè jẹ́rìí ju ohun tí ó fi ojú rẹ̀ rí lọ. Ìwé-ẹ̀rí tí a fi fún ènìyàn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sàn ju bébà lásán lọ. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa àwọn tí ń ṣe iná sínú ilé, àti àwọn tí ń kọ́ wa bí a ti ń ṣọ́ iná lò, ni bí a ti ń kọ́ wọn, bí a ti ń dán wọn wò, àti ohun tí ìwé tí wọ́n gbà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Àdúgbò Ìdí-Àràbà ní ìlú Èkó jẹ́ ibi tí a ti lè rí ọ̀ràn yìí kedere. Láàrin Múṣin àti Sùúrùlérè ni ó wà, igi ńlá nì tí ń jẹ́ àràbà ni a sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọdún 1962 ni iléèwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà, èyí tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí LUTH, ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó. Kò sí òbí tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí ó sì gbà kí ẹni tí a kò dán wò fi ọ̀bẹ kàn án. Kí dókítà tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti ṣe ìdánwò ti ojú ìwé àti ti ẹ̀bá ibùsùn, ó sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú àwọn àgbà. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ rẹ̀ tó wọ inú àkọsílẹ̀ àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ ìṣègùn. Bí ó bá sì hùwà tí kò yẹ, àjọ náà lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ní òpópó tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà iléèwòsàn yìí, ẹni tí ó bá ní ẹ̀mú àti tẹ́sítà lè gun àkàbà, kí ó so iná mọ́ ilé tí ogún ènìyàn ń sùn sí, kí ó gba owó rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí iná mànàmáná ti dé Èkó. Ọdún 1896 ni a kọ́kọ́ tàn án níbẹ̀. Ní ọdún 1950 ni òfin dá àjọ ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1972 ni NEPA gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni ìjọba sì fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, nǹkan méjì péré ni àwọn ènìyàn ń retí lọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná: kí iná tàn, kí ó má sì pa ẹnikẹ́ni. Ní àìpẹ́ yìí ni ẹrù kẹta wá kún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì fò sókè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iye owó yúníìtì iná kan fún àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún kúrò ní nǹkan bí ₦68, ó di ₦225. Láti ìgbà náà ni onílé àti ayálégbé ti ń béèrè ohun tí bàbá wọn kì í béèrè: “Báwo ni iná yìí kò ṣe ní í máa jẹ owó wa tó báyìí?” Ẹni tí wọ́n ń bi ni oníṣẹ́ iná àdúgbò.

Ìdáhùn sí ìbéèrè náà kò ṣòro fún ẹni tí ó mọ ìṣirò. Bí ìdílé kan bá ní gílóòbù àtijọ́ márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba wáàtì 60, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 300. Bí wọ́n bá tàn án fún wákàtí 6 lálẹ́, wọ́n ti lo yúníìtì 1.8. Bí wọ́n bá fi gílóòbù tuntun tí a ń pè ní LED rọ́pò wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba wáàtì 9, yúníìtì 0.27 péré ni wọn yóò lò, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní í dín kù. Láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì 46. Ní ₦225 fún yúníìtì kan, bí ó ti rí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó lé ní ₦10,000 lóṣù. Ìdílé tí kò ní ẹni tí yóò ṣe ìṣirò yìí fún un ń san owó náà lóṣooṣù fún ooru tí gílóòbù ń tú sínú yàrá.

Ọ̀ràn àwọn tí ń ra bátìrì àti ìnífátà tún gba ọgbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì olómi kan tí a kọ 12 fóòtì àti 200 áḿpíà-wákàtí sí lára ní agbára tí a lè fi wáàtì 2,400 ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé, a kò gbọdọ̀ fà á ju ìdajì lọ, èyíinì ni 1,200. Bí ìdílé yẹn bá lo gílóòbù tuntun márùn-ún, fáànù kan tí ń gba wáàtì 60, àti tẹlifíṣọ̀n tí ń gba wáàtì 75, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 180. Fún wákàtí 6, ó di 1,080. Bí a bá fi díẹ̀ tí ìnífátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un, bátìrì kan ṣe déédéé fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi gílóòbù àtijọ́ sílẹ̀, wáàtì 435 ni wọn yóò máa lò. Fún wákàtí 6, ó di 2,610, èyí tí ó ju gbogbo ohun tí ó wà nínú bátìrì náà lọ. Iná yóò kú kí wákàtí 6 náà tó pé, bátìrì olówó ńlá yóò sì bàjẹ́ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ tí kò mọ èyí yóò ní kí wọ́n ra bátìrì kejì. Èyí tí ó mọ̀ ọ́n yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ gílóòbù. Àwọn méjèèjì lè so wáyà dáadáa. Ohun tí ó yà wọ́n ni ẹ̀kọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òrùlé. Páànù tí oòrùn Èkó ń pa láti àárọ̀ a máa tú ooru sí orí àjà títí di òru. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ amúlétutù sí abẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kò sì pa dé dáadáa, dà bí ẹni tí ń pọn omi sínú ajẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò wo àjà, yóò wo fèrèsé, yóò wo ìhà tí oòrùn ti ń wọlé, kí ó tó sọ bí ẹ̀rọ tí ó yẹ ti gbọ́dọ̀ tóbi tó. Bákan náà ni ó mọ̀ pé wáyà tín-ín-rín tí ó tó fún gílóòbù kò tó fún ẹ̀rọ amúlétutù. Bí a bá fi ẹrù tí ó pọ̀ jù sórí rẹ̀, yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, iná yóò sì ràn. Nítorí náà, ọ̀ràn ṣíṣọ́ owó àti ọ̀ràn ṣíṣọ́ ẹ̀mí kò jìnnà síra wọn. Wáyà tí kò tó ẹrù rẹ̀ àti ojú ìsopọ̀ tí kò fún ń fi iná ṣòfò, àwọn kan náà sì ni wọ́n ń jó ilé.

Níbo wá ni oníṣẹ́ iná ti ń kọ́ ìmọ̀ yìí? Púpọ̀ nínú wọn ní Múṣin àti agbègbè rẹ̀ ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Òbí á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn á jọ ṣe àdéhùn iye ọdún àti owó, ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru àkàbà, kí ó máa gbẹ́ ògiri, kí ó máa fa wáyà. Bí ọdún ti ń lọ, ọ̀gá á jẹ́ kí ó so sọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà, kí ó dá yàrá kan ṣe, lẹ́yìn náà, odidi ilé. Nígbà tí ọdún bá pé, wọn á ṣe ayẹyẹ ìgbòmìnira tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fúrídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á sì fi ìwé lé e lọ́wọ́ níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́. Ètò yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú tẹ́ńbẹ́lú. Òun ni àwọn baba ńlá fi kọ́ àgbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ní ọ̀wọ̀, àti ní ìmọ̀ tí ó wà nínú ìka, èyí tí ojú ìwé kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sì ń gba ọmọ tálákà tí kò lè sanwó iléèwé.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Ohun tí ọ̀gá mọ̀ nìkan ni ọmọ lè mọ̀. Bí ọ̀gá kò bá fi wáyà ilẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀ rí, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ yóò máa fò ó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìdènà ara wáyà, ọmọ kò ní í mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Àti pé ọ̀gá kan náà ni olùkọ́, òun ni olùdánwò, òun ni ó sì ń fi ìwé ìgbòmìnira fún un. Kò sí ojú kejì. Àwọn àgbà ní, “Àràbà ni bàbá; ẹni a bá lábà ni baba.” Òótọ́ ni pé ọ̀wọ̀ tọ́ sí ẹni tí ó ṣáájú; ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Iná kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Iléèwé ni ọ̀nà kejì. Ní ọdún 1947 ni a dá iléèkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Yábà, tí kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà. Ní ọdún 1963 ni ó di Yaba College of Technology. Àwọn iléèwé girama ti iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú wà káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọmọ ti lè kọ́ iṣẹ́ iná pẹ̀lú ìṣirò àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Láyé àtijọ́, ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ìdánwò City and Guilds tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ti ń wá. Ní ọdún 1992 ni Nàìjíríà dá àjọ NABTEB sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, tí a ń pè ní Trade Test, tún wà fún àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí wọ́n sì fẹ́ kí ìjọba jẹ́rìí sí wọn. Ẹni tí ó gba ọ̀nà iléèwé mọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí. Ó lè ka àwòrán ilé, ó sì lè fi ìṣirò mọ bí wáyà ti gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ṣùgbọ́n bí irinṣẹ́ iléèwé kò bá tó, tí ogún ọmọ ń wo olùkọ́ kan tí ó di ẹ̀mú kan mú, ó lè gba ìwé-ẹ̀rí kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́. Ẹni kan ní ọwọ́ láìní ìdí. Ẹnì kejì ní ìdí láìní ọwọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwọn méjèèjì ni ilé ń fẹ́.

Ní ti ẹ̀kọ́ tuntun nípa ṣíṣọ́ agbára iná lò, ìjọba àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀ mélòó kan. Ní ọdún 2009 ni a dá NAPTIN sílẹ̀, iléèkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná ti orílẹ̀-èdè, tí ó ní ibùdó ẹ̀kọ́ kan ní Ìjọra ní Èkó. Láti ọdún 2013, ètò kan tí ilẹ̀ Jámánì àti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀ ti bá àwọn iléèkọ́ nílẹ̀ yìí ṣe ìwé ẹ̀kọ́ nípa gbígbé ẹ̀rọ iná oòrùn kalẹ̀ àti nípa yíyẹ ilé wò láti mọ ibi tí agbára ti ń ṣòfò. Ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde nípa lílo agbára nínú ilé kíkọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa fèrèsé, òrùlé, iná títàn àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà ni ibùdó ìwádìí ti orílẹ̀-èdè wà fún ọ̀ràn kan náà. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n ìlànà kì í gun òrùlé. Ẹni tí yóò gùn ún ni a ní láti kọ́.

Àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ súnmọ́ ilé jù lọ ni NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ iṣẹ́ iná wò kí a tó fi iná sí i, àti láti dán àwọn oníṣẹ́ iná wò kí ó sì fún àwọn tí ó bá yege ní ìwé-ẹ̀rí pé wọ́n tó iṣẹ́ náà ṣe. Ohun méjì ni èyí, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan ń jẹ́rìí sí ènìyàn, èkejì ń jẹ́rìí sí iṣẹ́. Ènìyàn rere lè ṣe iṣẹ́ burúkú ní ọjọ́ tí ó bá ń kánjú. Nítorí náà ni ẹ̀rí méjèèjì fi gbọ́dọ̀ wà.

Báwo ni ti ọ̀gá tí ó ti ṣe iṣẹ́ iná fún ogún ọdún ní òpópó Múṣin, tí kò lọ sí iléèwé iṣẹ́ ọwọ́, tí kò sì lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdáhùn sínú ìwé? Bí a bá ní kí ó padà lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé, kò ní í lọ. Bí a bá sì lé e kúrò nínú iṣẹ́, a ti pa agbo ilé kan lébi, àdúgbò sì ti pàdánù ọgbọ́n rẹ̀. Ètò ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti orílẹ̀-èdè, tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2013 tí a sì ń pè ní NSQF, wá ọ̀nà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. A kì í bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́. Ohun tí ó lè ṣe ni a ń wò. Olùdánwò á lọ wò ó níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, á bi í ní ìdí tí ó fi ṣe é bẹ́ẹ̀, á sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ibi tí ó bá ti yege, a ó gbà á fún un. Ibi tí ó bá kù sí nìkan ni yóò lọ kọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹlòmíràn á tún yẹ iṣẹ́ olùdánwò fúnra rẹ̀ wò. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Bí àgbà bá sì mọ iṣẹ́, kò yẹ kí àìmọ̀wé lé e kúrò nídìí àwo.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ó bá jẹ́ ti iṣẹ́ iná ilé, olùdánwò lè pàṣẹ pé kí a pa iná láti orísun, kí oníṣẹ́ sì fi hàn pé ó ti kú lóòótọ́ kí ó tó fọwọ́ kan wáyà. Yóò wò bóyá wáyà tí ó mú fún sọ́kẹ́ẹ̀tì nípọn ju ti gílóòbù lọ. Yóò fa ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó fún. Yóò ní kí ó wọn ìdènà ara wáyà àti wáyà ilẹ̀, kí ó sì ka iye tí ẹ̀rọ sọ. Yóò fún un ní orúkọ àwọn ohun èlò inú ilé kan, kí ó ṣe ìṣirò bátìrì tí yóò tó wọn. Níkẹyìn, yóò ní kí ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá onílé tí kò mọ ohun kankan nípa iná. Ẹni tí ó bá la gbogbo èyí kọjá, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní ìtumọ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rìn ní ọ̀nà yìí, àwọn kan sì ti fi ẹsẹ̀ kọ nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí epo di ọ̀wọ́n gógó ní ọdún 1973, ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 1976 láti tún ilé àwọn aláìní ṣe kí wọn má bàa máa fi owó ṣòfò lórí ooru àti òtútù. Ní ọdún 1993 ni a dá àjọ kan tí ń jẹ́ BPI sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ń dán àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí wò. Ẹnì kan ń yẹ ilé wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A máa gbé fáànù ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà láti fa afẹ́fẹ́ jáde, kí ó lè mọ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àwọn mìíràn ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá parí, ẹni tí kò fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ adájọ́ ara rẹ̀.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìjọba ibẹ̀ gbé ètò kalẹ̀ láti fi ohun ìdènà òtútù bo ògiri ilé àwọn tí owó iná ń ni lára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ti ìjọba kéde pé nínú ilé 100 tí a bo ògiri wọn láti ìta, nǹkan bíi 98 ni a ní láti tún ṣe, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò dára. Ọ̀rinrin àti èbu lè wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó sì ba ìlera àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe pé ìlànà kò sí, kì í sì í ṣe pé ìwé-ẹ̀rí kò sí. Lára ohun tí a sọ pé ó fà á ni pé a gbé iṣẹ́ fún àwọn tí kò tó o, pé àwọn kan gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, àti pé ojú àwọn alábòójútó kò tètè rí i. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ètò tí a fi bébà nìkan mọ kò yàtọ̀ sí i.

Ewu yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà. Ibi tí ìwé-ẹ̀rí bá ti di ohun títà, ó sàn kí ó má sí, nítorí pé ẹni tí kò ní ìwé a máa jẹ́ kí onílé ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé èké a máa mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sínú ewu. Bẹ́ẹ̀ ni owó ìdánwò tí ó bá pọ̀ jù yóò ti àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò lówó sẹ́yìn, yóò sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn olówó tí wọn kò mọ iṣẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ìjọba kò parí sí kí a tẹ ìwé. Ó ní láti mú ìdánwò dé ibi tí àwọn oníṣẹ́ wà, kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí a lè ṣe é ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí orúkọ àwọn tí ó yege sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á.

Àwọn tí ń gbé inú ilé pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Ẹni tí ń wá oníṣẹ́ lè béèrè ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kí ó sì béèrè ẹni tí ó fún un. Ó lè ní kí ó kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó ra bátìrì tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Bí iṣẹ́ bá parí, ó lè ní kí ó wọ̀n ọ́n níṣojú òun, kí a tó fi sìmẹ́ǹtì bo ògiri. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀; inú rẹ̀ a máa dùn pé a rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òun àti gbàrọgùdù. Àti pé bí àwọn onílé bá ń yan ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù nìkan, kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí yóò rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun jìyà ẹ̀kọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń kàwé ní Ìdí-Àràbà lónìí ń fẹ́ láti di dókítà nítorí pé wọ́n ń rí àwọn aláṣọ funfun tí ń wọlé tí ń jáde ní LUTH, ohun rere sì ni èyí. Ṣùgbọ́n dókítà fúnra rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó so iná tí ń tàn lórí ibùsùn aláìsàn, tí ó wọn wáyà rẹ̀ dáadáa, tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, di ẹ̀mí ènìyàn mú lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ó tọ́ kí a kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ ẹni tí ń di ẹ̀mí ènìyàn mú, kí a dán an wò bẹ́ẹ̀, kí a sì bu ọlá fún un bẹ́ẹ̀.